Sólà fún ṣọ́ọ̀bù yín ní Òṣogbo: bí ẹ ṣe lè rí owó ìrànwọ́, kó má sì di gbèsè sí yín lọ́rùn

Ẹni tó bá jókòó sí Òṣogbo tó ń retí pé kí ìjọba wá ka owó lé òun lọ́wọ́ kó fi ra sólà fún ṣọ́ọ̀bù, yóò pẹ́ níbi ìjókòó. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná, torí fídíò Amẹ́ríkà tó ń sọ pé ìjọba ń fúnni lówó sólà ti kó sí ọ̀pọ̀ èèyàn lórí. Òótọ́ ni pé lọ́hùn-ún, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 jẹ́ kí oníṣòwò tó gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀ lè yọ ìdá 30 nínú 100 iye tó ná kúrò nínú owó orí tó yẹ kó san. Òfin mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2025 sì ti ń ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Èyí tó ṣí àti èyí tó tì, owó orí Amẹ́ríkà ni. Kò kan Alékùwódò wa níbí.

Tiwa ń bẹ, àmọ́ kì í jọ ìrànwọ́ lójú. Ó lè jẹ́ èlé tó kéré ju ti ọjà lọ. Ó lè jẹ́ owó orí tí ẹ kò ní san. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń ta ohun èlò ni wọ́n fún lówó, kó lè tà á fún yín ní ẹ̀dínwó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó wọn. Òkè-Fìà ni ọ́fíìsì mi wà, àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ sì tàn dé Ìgbọ́nà àti Dada Estate: ẹlẹ́ja, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn tó ń rán aṣọ. Mo ti rí ẹni tó rí owó yìí gbà, mo sì ti rí ẹni tó lé e títí tí kò bá a. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé òwò ẹni àkọ́kọ́ tóbi ju ti èkejì lọ. Ìwé rẹ̀ ló pé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí jẹnẹrétọ̀

Kí ẹ tó pe oníṣẹ́ sólà, kí ẹ tó yọjú sí báńkì, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, kí ẹ gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá rọ epo, kí wọ́n kọ ọjọ́, iye lítà àti iye owó. Ọ́ìlì tí wọ́n yí, pọ́lọ́ọ̀gì tí wọ́n pààrọ̀, owó ẹni tó wá tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n kọ. Owó iná tí ẹ ń san fún IBEDC, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀. Ẹ ṣe é fún oṣù kan gbáko.

Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Ìgbọ́nà, firísà mẹ́ta ló ní. Ìwé àwìn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ìwé epo ni kò ní. Nígbà tí oṣù parí tí a ro ó pọ̀ lórí firísà tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí omi páálí Títù ń kán sí wa lẹ́sẹ̀, ó wo iye náà, ó tún wò ó, ó ní: "Àǹtí, ṣé jẹnẹrétọ̀ yìí ni mò ń ṣòwò fún ni?" Lítà 10 lóòjọ́ ni, ọjọ́ 26 lóṣù. Tí a bá ka lítà kan sí ₦900, ₦234,000 nìyẹn, ti ọ́ìlì àti àtúnṣe kò tíì sí nínú rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023 ni ìṣirò yìí ti yí padà fún gbogbo ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò tíì jókòó rò ó.

Ibì kan wà tí mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó rọra. Tí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà lórí Band A, ìyẹn ìlà tí wọ́n ní kó máa rí iná wákàtí 20 lóòjọ́, tí wákàtí 20 yẹn sì ń pé lóòótọ́, ìṣirò yín yàtọ̀. Wọ́n gbé owó Band A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin 2024, ó sì ti sọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ń dùn wá, àmọ́ kò tó ti epo: lítà epo kan kì í sábà fún jẹnẹrétọ̀ kékeré ju yúníìtì 2 sí 3 lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń rí iná tó pé lè má nílò ju ínfátà àti bátìrì lọ, pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Òun ni kó má yá mílíọ̀nù. (Ọ̀rọ̀ iná ìlú wa yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Bí gíríìdì bá wó, orúkọ wa ni ẹ máa gbọ́ nínú ìròyìn. Bẹ́ẹ̀, àwa náà ń gbé jálá kiri.)

Èlé ló máa sọ bóyá ẹ jèrè

Ibí yìí ni mo ti máa ń pẹ́ jù pẹ̀lú àwọn oníbàárà mi, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ká ní wọ́n pe gbogbo ohun èlò àti iṣẹ́ fún ìyá ẹlẹ́ja yìí ní mílíọ̀nù 4.5 náírà: ínfátà 5kVA, bátìrì lithium 10kWh, pánẹ́ẹ̀lì ńláńlá 8. Ẹ má gbà fún oníṣẹ́ tó bá ní ẹ ò tún ní ra epo mọ́ láé. Ní oṣù Keje sí Kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣú láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ẹ ṣì máa fa okùn jẹnẹrétọ̀. Tí a bá pín in ká gbogbo ọdún, mo fi lítà 2 lóòjọ́ sílẹ̀ fún un. Epo tó kúrò lọ́rùn yín wá jẹ́ lítà 8 lóòjọ́, ìyẹn ₦187,200 lóṣù. Owó yẹn ni ẹ ní láti fi san ẹ̀yáwó. Owó mìíràn tí ẹ bá fi kún un, inú èrè ẹja ló ti ń jáde.

Ẹ wá wo ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 4.5 kan náà, ọdún mẹ́ta, lọ́nà mẹ́ta.

Tí èlé bá jẹ́ ìdá 9 nínú 100 lọ́dún, ẹ máa san bíi ₦143,000 lóṣù. Sólà ti san gbèsè ara rẹ̀, ó tún fi bíi ₦44,000 sílẹ̀ fún yín.

Tí ó bá jẹ́ ìdá 30 lọ́dún, tí wọ́n ń ka èlé lé orí owó tó kù, ó máa jẹ́ bíi ₦191,000. Ẹ máa fi nǹkan bíi ₦4,000 lé e lóṣooṣù. Kò burú, ẹlòmíràn máa fara mọ́ ọn, torí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ohun èlò ti di tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń pa èèyàn. Ọmọ báńkì kékeré kan máa wá sí ọjà pẹ̀lú báàgì, ó máa ní "Màámi, ìdá 3 péré lóṣù ni." Ẹ bi í léèrè báyìí: "Ṣé orí owó tí mo yá níbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó máa ka èlé lé títí dé òpin, àbí orí èyí tó bá kù?" Tí ó bá ní orí tìbẹ̀rẹ̀, ₦260,000 ni ẹ máa máa san lóṣù. Tí ó bá jẹ́ orí èyí tó kù, ìdá 3 kan náà á jẹ́ bíi ₦206,000. Orúkọ kan náà, ẹnu kan náà ló ń sọ ọ́, ìyàtọ̀ sì tó ₦54,000 lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Ẹ tún bi í ní iye tí wọ́n máa gé kúrò kí owó tó dé ọwọ́ yín: owó fọ́ọ̀mù, owó ìdíyelé, owó ìbánigbófò. Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ ti rí i báyìí pé ìrànwọ́ gidi wà nínú ìdá 9 yẹn. Láàárín ₦143,000 àti ₦191,000, bíi mílíọ̀nù 1.7 náírà ló wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta. Báńkì oníṣòwò kò lè fi owó ara rẹ̀ yáni ní iye bẹ́ẹ̀, nígbà tí èlé CBN (Báńkì Àpapọ̀) fúnra rẹ̀ wà ní ìdá 27 ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ìdá 9, ìjọba tàbí àjọ kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ẹ lè kanlẹ̀kùn

Bank of Industry, BOI, ni ẹ kọ́kọ́ máa bi. Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ gbé owó kalẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké: tó mílíọ̀nù kan náírà fún ẹnì kan, ìdá 9 lọ́dún, ọdún mẹ́ta láti fi san án. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe nǹkan jáde ní tiwọn lọ́tọ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí, ó máa ń tì, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sì wà ní ṣẹpẹ́ ní ọjọ́ tó ṣí ló ń rí i. Mílíọ̀nù kan kò lè ra gbogbo nǹkan, mo mọ̀. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n ra ínfátà tó máa tó wọn lẹ́yìn ọ̀la láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀ àti bátìrì kékeré bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi kún un. Ẹni tó ra ínfátà kékeré torí owó kò tó, yóò tún ra òmíràn.

Development Bank of Nigeria kì í yá èèyàn lówó tààrà. Àwọn báńkì àti báńkì kéékèèké ló ń gba owó lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ń yá oníṣòwò. Nítorí náà, ìbéèrè yín ní báńkì ni: "Ṣé ẹ ń gba owó DBN?" Ó tún ní ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀, Impact Credit Guarantee, tó ń dúró fún apá kan nínú gbèsè bí ẹni tó yá a kò bá lè san. Ìyẹn wúlò fún ẹni tí kò ní ìwé ilé tó máa fi ṣe ìdógò. Báńkì kò ní sọ fún yín àyàfi tí ẹ bá bèèrè.

Ẹni tí kò fẹ́ jẹ èlé, Jaiz, TAJBank àti Lotus ń ṣe mùrábáhà. Báńkì á ra ohun èlò náà fúnra rẹ̀, á sì tà á fún yín ní iye kan pàtó tó ti fi èrè tirẹ̀ sí. Iye yẹn kì í yí padà, kódà bí CBN bá gbé èlé sókè lọ́la. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹ mọ àpapọ̀ owó tí ẹ máa san kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi wé iye tí ohun èlò náà ń lọ lọ́jà, torí èrè báńkì lè pọ̀.

Àmọ́ tí ẹ bá bi mí ní èyí tó yá jù fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tí èèyàn ti kó jọ, èlé wọn kéré, ẹgbẹ́ ló sì mọ yín. Ẹ má gbàgbé ti ọkọ tàbí ti ìyàwó yín pẹ̀lú. Obìnrin aránṣọ kan wà tó gbé sólà rẹ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́rẹ̀, ẹgbẹ́ ọ́fíìsì ọkọ ló sì yá wọn lówó. Báńkì kankan kò mọ̀ sí i.

Ẹ máa gbọ́ orúkọ DARES. Owó Báńkì Àgbáyé ni, mílíọ̀nù 750 dọ́là, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2023, tí àjọ tó ń mú iná dé ìgbèríko, REA, ń bójú tó. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé sólà ni wọ́n ń fún ní owó yìí, kì í ṣe ẹni tó ń lò ó, wọ́n sì ń fún un lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí iná kò dé tàbí tí kò tó ni wọ́n ń wò jù. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìlọgààrí tàbí ẹ̀rọ ìlọrẹsì ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, ẹ bi àwọn tó ń ta sólà pé: "Ṣé ẹ wà nínú DARES? Ẹ̀dínwó mélòó ló kàn mí?" Ẹni tó wà láàárín ìgboro, kó má fi í lé ọkàn púpọ̀.

Ti CBN ńkọ́? Lọ́dún 2020 wọ́n ní owó kan fún sólà. Ní ìparí ọdún 2023, gómìnà tuntun CBN, Cardoso, kéde pé àwọn ti ń fi irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín lónìí lórí "owó sólà CBN", ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Ìwé tí ẹ máa kó jọ

Ìwé CAC, ó kéré tán ti orúkọ òwò. Nọ́ńbà owó orí. BVN. Ìwé àkáǹtì oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà: owó ń wọlé lójoojúmọ́, ó ń gba inú àpò ìdí kọjá, báńkì kò rí i. Ẹni tó ń ta ₦150,000 lóòjọ́ tí ìwé àkáǹtì rẹ̀ ń fi ₦40,000 hàn lọ́sẹ̀, ẹni ₦40,000 ni lójú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ọjà sí àkáǹtì òwò láti òní lọ, kì í ṣe àkáǹtì ọmọ, kì í ṣe ti ọkọ. Ìwé epo tí mo ní kí ẹ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ kó òun náà dání. Ó máa ń ya àwọn ọmọ báńkì lẹ́nu, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí owó tí ẹ fẹ́ fi san gbèsè ti máa wá.

Ìwé ìdíyelé láti ọwọ́ oníṣẹ́ sólà méjì, ó kéré tán. Kí orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tóbi tó àti iye ọdún gáráńtì rẹ̀ wà níbẹ̀. "Sólà 5kVA pẹ̀lú gbogbo ẹ̀" kì í ṣe ìwé ìdíyelé.

Tí ẹ bá háyà ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílé pé ohun èlò orí òrùlé jẹ́ tiyín, ẹ sì lè kó o lọ bí ẹ bá ń kó kúrò. Ẹ gbà á kí pánẹ́ẹ̀lì tó gòkè. Tó bá ti gòkè tán, onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òrùlé rẹ̀ tó ń jò.

Ìdógò kò fi dandan jẹ́ ilé tàbí ilẹ̀. Láti 2017 ni òfin ti wà tó jẹ́ kí èèyàn fi ohun tó ṣeé gbé ṣe ìdógò: firísà, ẹ̀rọ, àti sólà náà fúnra rẹ̀. Báńkì á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí CBN ń tọ́jú fún irú rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù Kẹjọ 2020, báńkì tí ẹ jẹ ní gbèsè lè yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì yín yòówù, ní báńkì yòówù, nípasẹ̀ BVN. Èrò pé "mo máa kó owó mi lọ sí báńkì kejì" kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé sólà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á ní díẹ̀díẹ̀ láìsí báńkì, ojú ewé mẹ́ta ni kó kà dáadáa: èyí tó sọ ìgbà tí ohun èlò máa di tirẹ̀ àti bóyá ó tiẹ̀ máa di tirẹ̀, èyí tó sọ ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, àti èyí tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá fẹ́ dá a padà. Àwọn kan ti inú ọ́fíìsì wọn ń pa á bí owó bá pẹ́. Fún ẹni tó ní ẹja nínú firísà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ti owó orí

Àwọn òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì, tí owó tó ń wọlé fún un kò ju mílíọ̀nù 100 lọ lọ́dún, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 250 lọ, kò san owó orí kọ́ńpìnnì rárá. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀dínwó owó orí tí sólà lè mú wá, torí kò sí owó orí tó fẹ́ dín. Oníṣẹ́ sólà tó bá ń fi "tax benefit" pọ́n ọjà rẹ̀ fún yín, ẹ bi í pé èwo nínú rẹ̀.

Kọ́ńpìnnì tó bá tóbi ju ìyẹn lọ ló ń san ìdá 30, àti ìdá 4 lé e. Òun ló lè máa yọ iye tí sólà náà ná an díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ka owó orí. Fún òun, sólà mílíọ̀nù 10 lè dín owó orí kù ní bíi mílíọ̀nù mẹ́ta kí gbogbo ọdún yẹn tó parí. Tí ó bá tún forúkọ sílẹ̀ fún VAT, òfin tuntun jẹ́ kó gba VAT tó san lórí ohun èlò padà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀wé tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti ń fi ìyẹn sí ìṣirò.

Oníṣòwò aládàáni tó ń san owó orí fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà lè yọ ọ́ nínú èrè rẹ̀. Ohun kan ló ń bà á jẹ́ fún gbogbo wọn: rìsíìtì. Ọjà tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó kọ iye sórí ẹ̀yìn páálí, ẹ kò lè gbé e wá síwájú agbowó-orí. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ òwò yín, nọ́ńbà owó orí ẹni tó tà á, àti VAT lọ́tọ̀ bí ó bá kàn án. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, torí yíǹkì rìsíìtì POS máa ń ṣá. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke fún ìwé owó orí oníṣòwò aládàáni lọ́dọọdún. Ẹ má kó tiyín wá bá mi ní ọjọ́ 30.